Májèlé èébu inú oúnjẹ, àti ohun tí ó ń fi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀ ṣe: ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùsìn ẹran ní Èkó

Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí mí fúkẹ́fúkẹ́ ní Ìkòròdú, ní Ìjú tàbí ní àgbègbè Agége, òtútù àyà ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ olùsìn lọ́kàn, abẹ́rẹ́ ni ó sì máa ń tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ náà kò burú bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò àrùn ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irú àìlèmí kan wà tí kòkòrò àrùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kankan kò sì lè wò sàn, nítorí pé inú àpò àgbàdo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn ẹran náà ni ó sì kọ́kọ́ bà jẹ́ kí ó tó hàn ní ẹ̀dọ̀fóró. Irú àìlèmí yìí ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: bí a ṣe ń dá a mọ̀, ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́, àti bí a ṣe ń ra àgbàdo, tí a ń ṣà á, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ nínú ọ̀rinrin ìlú Èkó kí ọ̀rọ̀ má baà dé ibẹ̀ rárá.

Ọ̀nà tí májèlé náà ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró

Èébu tí ó ń fa èyí ni Fusarium, pàápàá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fusarium verticillioides, tí ó máa ń wọ inú àgbàdo láti oko. Fumonisin ni orúkọ májèlé rẹ̀, àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1988. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kan kú ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìkúnkù àti àfọ́kù tí wọ́n jọ̀ kúrò lára àgbàdo. Nígbà tí wọ́n la òkú wọn, omi ni ó kún ẹ̀dọ̀fóró àti àyà wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara àwọn ẹran náà ti yé àwọn oníṣègùn ẹran dáadáa báyìí. Ọ̀rá kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ara fi ń kọ́ ògiri ara rẹ̀, ensáìmù kan, ìyẹn èròjà tí ń mú iṣẹ́ inú ara yá, ni ó sì ń parí iṣẹ́ lórí ọ̀rá náà. Fumonisin máa ń dá ensáìmù yìí dúró. Àwọn èròjà tí kò tíì parí, tí orúkọ wọn ń jẹ́ sphinganine àti sphingosine, á wá máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú iṣan ọkàn. Bí sphingosine bá ti pọ̀ jù, ó máa ń dí ojú ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà wọ inú iṣan ọkàn, bẹ́ẹ̀ iṣan tí kò rí kálísíọ́mù tó kò lè fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ó ti yẹ. Apá òsì ọkàn, tí ó ń gba ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró tí ó sì ń tì í lọ sí gbogbo ara, á wá rọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà lọ síwájú á padà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí omi òjò ṣe ń padà sínú àgbàlá àwọn tí ń gbé lókè nígbà tí pàǹtírí bá dí gọ́tà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìfúnpá á pọ̀ nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, omi á jò jáde láti inú wọn, ẹran náà á sì máa jà fún èémí nígbà tí afẹ́fẹ́ wà lọ́pọ̀lọpọ̀ ní àyíká rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọkàn. Ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀dọ̀fóró nìkan yóò máa wá oògùn ikọ́ kiri, oúnjẹ tí ó ń dá ọkàn dúró á sì tún kún inú ọpọ́n ní ọjọ́ kejì.

Ẹran kọ̀ọ̀kan ní ibi tí fumonisin ti ń bá a jà. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́ lára ẹṣin, ẹṣin kì í sì lè fara da èyí tí ó kéré gan-an pàápàá. Adìẹ lè fara da iye tí yóò pa ẹlẹ́dẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ń sin adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ má ṣe sọ pé àgbàdo kan náà ni àwọn adìẹ òun ń jẹ tí nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Kò sì yẹ kí àgbàdo tí a kọ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ di ti ẹlẹ́ṣin, kí a má tilẹ̀ sọ pé kí ó di ògì nínú ilé.

Fumonisin nìkan kọ́ ni májèlé èébu. Aflatoxin, tí ó wọ́pọ̀ nínú kúlíkúlí àti nínú àgbàdo, ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń dín agbára ara láti bá àrùn jà kù. Ochratoxin ń ba kíndìnrín jẹ́. Deoxynivalenol ń mú kí ẹlẹ́dẹ̀ kọ oúnjẹ, bí ó bá sì pọ̀ gan-an, ẹran á máa bì. Zearalenone ń mú kí ojú ara abo ẹlẹ́dẹ̀ wú bí ẹni pé ó ń wá akọ. Moniliformin, tí Fusarium tún ń pèsè, ń ba iṣan ọkàn jẹ́ ní tààràtà. Ó ṣeé ṣe kí mélòó kan nínú wọn wà nínú àpò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n fumonisin ni a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fura sí nígbà tí èémí bá ń ṣòro.

Ní ti iye, ikú òjijì sábà máa ń wáyé nígbà tí fumonisin bá ju 100 mílígírámù lọ nínú kílógírámù oúnjẹ kan. Èyí tí ó kéré sí i kì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ kì í lọ láìṣe ohun tí ó burú. Ó ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró di ọ̀lẹ, kòkòrò bíi Pasteurella, tí ara ẹran líle ìbá ti lé dànù, á sì ráyè wọlé. Ikọ́ tí kò tán, ìdàgbàsókè tí ó lọ́ra, oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tí àìsàn sì tún padà wá: èyí ni ó ń jẹ èrè olùsìn ju ikú òjijì lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí í ka oúnjẹ mọ́ ohun tí ó fà á. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbani nímọ̀ràn pé kí fumonisin má ṣe ju mílígírámù 5 lọ nínú kílógírámù kan oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 20 nínú àgbàdo, kí àgbàdo náà má sì ju ìdajì oúnjẹ lọ, ìyẹn 10 nínú gbogbo oúnjẹ. Nínú méjèèjì, mo rò pé 5 ni ó yẹ kí a dì mú ní Èkó, nítorí pé ooru àti afẹ́fẹ́ ilé ẹran tí ó há ti ń da ẹ̀dọ̀fóró àwọn ẹran wa láàmú tẹ́lẹ̀.

Àwọn àmì tí ó yà á sọ́tọ̀

Ẹ kọ́kọ́ rántí ọjọ́ tí ẹ ṣí oúnjẹ tuntun. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje tí ẹran bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oúnjẹ tí májèlé pọ̀ nínú rẹ̀ ni àìlèmí sábà máa ń dé. Ẹran náà á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nídìí ọpọ́n, á máa dùbúlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa fi ikùn mí, yóò ya ẹnu, etí àti imú rẹ̀ á sì máa di aláwọ̀ aró. Nígbà mìíràn ìfófòó funfun á yọ ní imú rẹ̀. Bí ó bá ti dé ibi tí ó ti ń ya ẹnu mí, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Abo tí ó lóyún tí ó bá sì yè é lè ṣẹ́ oyún náà láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì kà á ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí ènìyàn, ooru ọ̀sán ní Èkó á sì mú kí èyí tí ara rẹ̀ le pàápàá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ti dàgbà, tí ó wà ní ìsinmi, ń mí bí ìgbà 10 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń dàgbà lè mí tó ìgbà 35. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi tẹmọ́mítà wo ìgbóná ara láti ìdí. Èyí tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 39.8 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Májèlé fumonisin kì í sábà mú ibà wá. Bí tẹmọ́mítà bá ti ka 41, ẹ dúró, ẹ ronú sí nǹkan mìíràn.

Nǹkan mìíràn náà ni ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó kọ́kọ́ jà gidigidi ní Nàìjíríà ní ọdún 1997, tí ó sì tún gba ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Òkè-Àró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, kan ní ọdún 2020. Ibà gíga, àwọ̀ ara tí ó pọ́n ní etí àti ikùn, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ikú tí ó ń ti ilé ẹran kan bọ́ sí òmíràn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí ikú gbà rìn nínú ọgbà ṣe pàtàkì púpọ̀. Àrùn tí ń ran máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan, lẹ́yìn náà ni yóò tàn. Májèlé oúnjẹ máa ń mú gbogbo ilé ẹran tí ó jẹ àpò kan náà ní àkókò kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra wọn, á sì fò ilé tí ó wà láàárín wọn bí oúnjẹ ibẹ̀ bá yàtọ̀.

Ohun mẹ́ta mìíràn máa ń ṣini lọ́nà. Kòkòrò Actinobacillus máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀ lójijì pẹ̀lú ìfófòó tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibà máa ń bá a rìn. Èérí kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró inú rẹ̀ jáde ní èròjà kan tí ń jẹ́ gossypol, tí òun náà ń ba iṣan ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́, tí ó sì ń fi omi kún àyà. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà ẹran. Ẹ̀kẹta ni àìtó fítámì E àti èròjà selenium, tí ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ sínú iṣan ọkàn ẹlẹ́dẹ̀ tí ń yára dàgbà, tí ẹran náà á sì ṣubú kú láìṣàìsàn. Ìkẹta yìí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ èébu rárá, nítorí pé ọkà tí ó ti bu àti òróró tí ó ti kan máa ń pàdánù fítámì E wọn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ gbé oúnjẹ kúrò kí ẹ tó gbé fóònù

Lọ́gán tí ẹ bá rí ẹran méjì tàbí mẹ́ta tí ń fi ikùn mí, ẹ kó oúnjẹ kúrò nínú gbogbo ọpọ́n tí ó gba oúnjẹ láti inú àpò kan náà. Ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò. Ẹ fọ ọpọ́n, ẹ gbẹ́ èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí àti igun rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní omi mímọ́. Oúnjẹ tí ẹ máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ ní àgbàdo tí orísun rẹ̀ yàtọ̀. Bí kò bá sí, èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó gbẹ dáadáa pẹ̀lú sóyà sàn ju àgbàdo tí a ń fura sí lọ fún ọjọ́ díẹ̀, bí ẹran kò tilẹ̀ ní sanra lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe lé àwọn ẹran náà kiri. Ọkàn tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kò lè gba eré sísá, ẹlẹ́dẹ̀ tí ìbá yè sì lè kú nítorí pé wọ́n lé e láti ilé kan sí òmíràn tàbí nítorí pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀ láti gún un ní abẹ́rẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ da omi tútù sí ilẹ̀ ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pe dókítà ẹran.

Kò sí oògùn tí ó ń pa fumonisin nínú ara. Dókítà lè fún wọn ní oògùn fún kòkòrò tí ó bá fẹ́ gùn wọ́n lẹ́yìn, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra oògùn tí ń mú omi jáde lára kí ó sì máa gún ẹran fúnra rẹ̀. Bákan náà, ẹran tí ó ń ṣàìsàn kì í ṣe ẹran títà. Mo mọ̀ pé alápatà kan yóò sọ pé òun á gbà á ní ẹ̀dínwó kí ó tó kú. Bí ó bá wá jẹ́ pé ibà ẹlẹ́dẹ̀ ni, ọkọ̀ alápatà náà ni yóò gbé e dé ọgbà elòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: òkú ẹran ní ohun tí ó máa sọ

Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran la òkú náà, kí ó sì là á ní kíákíá, nítorí pé nínú ooru wa òkú ẹlẹ́dẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ibà bá ti wà, kí ẹnikẹ́ni nínú ọgbà má ṣe là á fúnra rẹ̀. Lára ẹran tí fumonisin pa, ẹ̀dọ̀fóró á wúwo, á tutù, á kún fún omi, àwọn ìlà tí ó pín in sí kéékèèké á fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi omi jẹ́lì kún wọn, omi aláwọ̀ ìyeyè tí ó mọ́ gaara á sì wà nínú àyà. Ẹ̀dọ̀fóró tí òtútù àyà pa máa ń le bí ẹ̀dọ̀ ní ibi tí àrùn wà. Ọlọ inú tí ó wú tí ó sì dúdú jẹ́ àmì ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Dókítà yóò gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ẹ̀dọ̀ sínú fọ́málínì fún àyẹ̀wò.

Òkú tí ó kù, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀, ẹ sin ín, kí ẹ sì da ẹfun sí i lórí. Kí a má ṣe sọ ọ́ sínú kánààlì tàbí sí etí ọ̀sà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kíkó oúnjẹ lọ fún àyẹ̀wò

Ibí yìí ni owó àyẹ̀wò ti ń ṣòfò jù. Májèlé èébu kì í pín dọ́gba nínú àpò. Ó máa ń wà ní ìṣù ìṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kúnwọ́ kan lè mọ́ pátápátá, kí ẹ̀kúnwọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì kún fún un. Nítorí náà, ẹ má bu láti òkè àpò kan ṣoṣo. Ẹ lo irin oníhò tí àwọn oníṣòwò ọkà fi ń gún àpò, ẹ gún gbogbo àpò tí ó wà nínú ẹrù náà, ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi tó kílógírámù bíi 5, kí ẹ sì lọ gbogbo rẹ̀ kúnná. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun náà sílẹ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ mú apá méjì tí ó kọjú síra, ẹ tún dà á pọ̀, kí ẹ sì máa pín in bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku nǹkan bí ìdajì kílógírámù. Inú àpò bébà ni kí ẹ gbé e sí, nítorí pé àpò ọ̀rá á mú kí ó làágùn, kí èébu sì máa hù nìṣó nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà.

NAFDAC ní ilé àyẹ̀wò ní Òṣòdì tí ó ń wá májèlé èébu nínú oúnjẹ, àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni náà sì wà ní Èkó. Ẹ béèrè ní pàtó fún fumonisin àti aflatoxin, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò á ṣe aflatoxin nìkan bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kà á. Mílígírámù ni wọ́n fi ń ka fumonisin, máíkírógírámù sì ni wọ́n fi ń ka aflatoxin, èkíní sì tó ìlọ́po 1,000 èkejì. Mílígírámù 4 fumonisin nínú kílógírámù kan ṣì wà lábẹ́ ààlà. Mílígírámù 4 aflatoxin jẹ́ àjálù.

Ojú, imú àti iná aláwọ̀ àlùkò tí àwọn kan fi ń wá èébu kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àgbàdo tí ó dán, tí kò rùn, lè ní fumonisin nínú. Èébu fúnra rẹ̀ lè ti kú kí májèlé rẹ̀ sì wà níbẹ̀, bíbọ̀ àti sísun kò sì lè mú un kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rírà àti ṣíṣà

Ìbáà jẹ́ Ìdó ni ẹ ti ń ra àgbàdo, ìbáà jẹ́ lára ọkọ̀ tí ó wá láti Kàdúná, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kórè rẹ̀. Àgbàdo àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń kó ní oṣù keje sí ìkẹjọ, máa ń bọ̀ láti inú òjò, ó sì máa ń ṣòro láti gbẹ. Èyí tí wọ́n kórè ní òkè ọya nígbà tí òjò ti ń lọ sinmi sàn jù fún fífi pamọ́. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: oko ni fumonisin ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kòkòrò ti lu ṣírí àgbàdo tí èébu sì gba ihò náà wọlé, gbígbẹ lẹ́yìn ìkórè á dá a dúró ni, kì í yọ èyí tí ó ti wọlé kúrò. Aflatoxin ní tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní oko, kí ó sì máa gbilẹ̀ sí i nínú ilé ìpamọ́.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn omi inú ọkà, ẹ bu àgbàdo sínú ìgò tí ó gbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ti ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdá 12 sí 13 ni a fẹ́. Ẹ ṣe é lójú ẹni tí ń tà á. Kò sí ariyanjiyan tí ó ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn rírà ni iṣẹ́ tí ó ní èrè jù lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, tí kò sì ná ju asẹ́ àti ọ̀sán kan lọ. Ẹ jọ̀ gbogbo àgbàdo kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Májèlé kì í wà nínú hóró tí ó pé tó bí ó ṣe ń wà nínú àfọ́kù, ìkúnkù àti hóró tí kòkòrò ti lu. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 4 á jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí bọ́ sílẹ̀. Ẹ dà wọ́n nù, ẹ má ṣe tà wọ́n, ẹ má sì ṣe pa wọ́n mọ́ fún ìgbà tí owó bá tán. Àwọn ilé ìlọ kan máa ń ta fàrí àgbàdo àti ìgbálẹ̀ ẹ̀rọ ní owó pọ́ọ́kú, àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ wa ni wọ́n sì ń tà á fún. Bẹ́ẹ̀ irú ìkúnkù báyìí gan-an ni ó pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ọdún 1989. Ní tèmi, fàrí àgbàdo tí a kò yẹ̀ wò kò yẹ kí ó wọ inú oúnjẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Ẹ tún lè da àgbàdo sínú omi, kí ẹ sì kó èyí tí ó léfòó dànù, nítorí pé hóró tí èébu ti jẹ inú rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa lò ní ọjọ́ náà nìkan ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí ó bá rẹ àpò mẹ́wàá ní oṣù kẹfà ní Èkó kò ní rí oòrùn tí yóò fi sá a.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìṣirò oúnjẹ

Èsì àyẹ̀wò àgbàdo kì í ṣe iye tí ẹran máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbàdo kó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ, tí mílígírámù 8 fumonisin sì wà nínú kílógírámù rẹ̀ kan; èyí fún wa ní 4.8. Ó dà bí ẹni pé a ti bọ́. Ṣùgbọ́n bí fàrí àgbàdo bá kó ìdá 15, tí ó sì ní 12, ó ti fi 1.8 kún un, àpapọ̀ sì ti di 6.6, tí ó ti kọjá 5. Bí ẹ bá yọ fàrí náà kúrò, tí ẹ fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, ẹ ti padà sí 4.8 láìfọwọ́ kan àgbàdo. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú àti abo tí ó lóyún ni kí ó kọ́kọ́ jẹ àgbàdo tí ó mọ́ jù. Èyí tí ó súnmọ́ ààlà lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti dàgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilé ìpamọ́, àti ọ̀rọ̀ èérí ọtí

Ẹ gbé àpò lé orí pákó, kí ó jìnnà sí ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé tí a fi páànù bò máa ń gbóná ní ọ̀sán, á tutù ní òru, omi á sì rọ̀ sára páànù, yóò máa kán sórí àpò tí ó wà lókè. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín àpò àti òrùlé. Àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé dára púpọ̀ fún àgbàdo tí ó ti gbẹ, kòkòrò pàápàá á kú sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì di àgbàdo tútù sínú rẹ̀, yóò bàjẹ́ níbẹ̀ ni. Oúnjẹ tí a ti lọ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ìgbà òjò. Ẹ sọ fún ẹni tí ń bá yín lọ̀ ọ́ pé kí ó gbá inú ẹ̀rọ kí tiyín tó wọlé.

Èérí ọkà tí ó ń ti ilé iṣẹ́ ọtí bíà bọ̀, láti Ìgánmú àti Ọ̀gbà, wà lára ohun tí ó mú kí sísin ẹlẹ́dẹ̀ ṣeé ṣe ní Èkó. Ó tutù nígbà tí ó bá dé, ó sì dára ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta nínú ooru, èébu á ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkìtì rẹ̀. Ẹ ra èyí tí ẹ lè lò tán, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa sínú dúrọ́ọ̀mù tí a dé pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Bí òkè rẹ̀ bá ti bu, má ṣe rò pé kíkó òkè dànù ti tó. Májèlé ti lè rin wọ ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ro òkìtì tí ó ti bu kí ó fi aṣọ bo imú rẹ̀, nítorí pé eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn ohun tí wọ́n ń tà láti dè májèlé

Amọ̀ bentonite tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ń de aflatoxin dáadáa nínú ìfun. Kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lórí fumonisin. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí fumonisin ni ensáìmù kan tí ń gé e sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò, kí ẹ sì béèrè bí fumonisin bá wà níbẹ̀ kí ẹ tó san owó. Bákan náà ni Aflasafe, tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko: aflatoxin ni ó ń dín kù, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti sọ. Àgbàdo tí wọ́n lò ó fún ṣì lè ní fumonisin. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó sọ oúnjẹ tí ó ti bu gan-an di oúnjẹ tí a lè fún ẹran.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwọ̀nba tí a fi pamọ́

Nínú gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá lọ̀, ẹ bu kílógírámù kan sẹ́yìn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ó gbẹ tí ó sì tutù títí tí ẹ ó fi ta àwọn ẹran tí ó jẹ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ̀ ọ́ sí i lára, ibi tí àgbàdo ti wá, iye àpò tí ó wà nínú ẹrù náà, àti ilé ẹran tí ó jẹ ẹ́. Nígbà tí oúnjẹ tuntun bá dé, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ẹ parí ti àtijọ́ ní ilé kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun ní òmíràn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Bí èémí bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn àti ìwọ̀nba tí ẹ fi pamọ́ ni dókítà ẹran yóò kọ́kọ́ béèrè.